Yíyàn Láàárín Ohun Tó Jọra, àti Ìwọ̀n Ìlérí Tó Wà Lẹ́yìn Ọjà

Tírélà tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní toy hauler jẹ́ ilé àti gáréèjì tí wọ́n kó sórí táyà. Iwájú rẹ̀ ni ibùsùn, sítóòfù, fíríìjì àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà. Ẹ̀yìn rẹ̀ ṣófo, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn náà sì máa ń wálẹ̀ di afárá tí wọ́n ń gba orí rẹ̀ gun alùpùpù tàbí ọkọ̀ kékeré orí iyanrìn wọlé. Píkọ́ọ̀pù ńlá ló ń fà á. Agbègbè Elkhart ní ìpínlẹ̀ Indiana ni wọ́n ti ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú irú ilé alágbèéká bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ibẹ̀ ló sì ń ra áàsì, fèrèsé, fíríìjì àti ẹ̀rọ amúlétutù lọ́wọ́ àwọn olùpèsè kan náà. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó fẹ́ rà á fi máa ń bá méjì pàdé tí orúkọ wọn yàtọ̀, ṣùgbọ́n tí gígùn wọn, owó wọn àti ohun inú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Nígbà náà ni ojú á lọ sára ìwé wọ́ráńtì. Ọ̀kan ṣèlérí ọdún kan, èkejì ṣèlérí méjì. Dílà sì tún ń fi àdéhùn àtúnṣe ọlọ́dún gbọọrọ lọni, lówó ọ̀tọ̀.

Ọ̀rọ̀ ọjà lásán ni lójú ẹni tó ń sanwó, àmọ́ ìbéèrè méjì tó ti pẹ́ lẹ́nu àwọn onímọ̀ èrò ìjìnlẹ̀ àti àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn ló wà nínú rẹ̀. Bí ohun méjì bá dọ́gba, kí ni ọgbọ́n ènìyàn fi ń mú ọ̀kan? Báwo sì ni ìlérí lórí ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀ ṣe ń ní ìwọ̀n?

Al-Ghazali, onímọ̀ ẹ̀sìn Ìsìláàmù ọmọ Páṣíà tó kú ní ọdún 1111, dojú kọ ìbéèrè kìíní nínú ìwé rẹ̀ Tahafut al-Falasifa. Iyàn tó wà nílẹ̀ kì í ṣe ti ọjà rárá. Àwọn tó ń bá a jiyàn sọ pé bí ayé bá ní ìbẹ̀rẹ̀, kò sí ìdí tí Ọlọ́run ìbá fi dá a ní àkókò kan dípò òmíràn, níwọ̀n ìgbà tí gbogbo àkókò dọ́gba níwájú Rẹ̀. Dàbínù méjì ni Al-Ghazali fi fèsì. Ẹni tí ebi ń pa, tí wọ́n gbé dàbínù méjì tí kò fi ohunkóhun yàtọ̀ síwájú rẹ̀, tí wọ́n sì ní ẹyọ kan péré ni kó mú, kò ní jókòó máa wò wọ́n títí ebi yóò fi lù ú pa. Yóò mú ọ̀kan. Lójú Al-Ghazali, iṣẹ́ ìfẹ́-inú gan-an nìyẹn, láti ya ohun kan sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tó jọ ọ́.

Ibn Rushd ará Córdoba, tó kú ní ọdún 1198, kò gbà. Ó ní ẹni náà kò yan dàbínù kan lórí èkejì. Jíjẹ ló yàn lórí àìjẹ, èyí tí ọwọ́ rẹ̀ bá kọ́kọ́ bà kò já mọ́ nǹkan kan. Ìdáhùn yìí jinlẹ̀ ju bó ti rí lójú lọ. Ẹni tó ti fìdí iye owó rẹ̀ múlẹ̀, tó ti mọ gígùn gáréèjì tí ọkọ̀ rẹ̀ nílò àti ẹrù tí píkọ́ọ̀pù rẹ̀ lè fà, ti parí iṣẹ́ yíyàn kó tó kan tírélà méjì tó kù. Ní ọdún 1977, àwọn onímọ̀ èrò ìjìnlẹ̀ méjì, Edna Ullmann-Margalit àti Sidney Morgenbesser, kọ àpilẹ̀kọ kan tó pààlà sáàárín yíyàn tó nídìí àti mímú èyí tó sún mọ́ni. Kò sí ìtìjú nínú ìkejì. Nígbà tí àwọn àpọ́sítélì ń wá ẹni tí yóò rọ́pò Júdásì, tí ọkùnrin méjì sì yẹ bákan náà, ìbò ni wọ́n ṣẹ́, ó sì mú Mátíásì. Ẹni tí kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń fi wé kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ Buridan, èyí tí ebi pa kú láàárín òkìtì koríko méjì. (Nínú gbogbo ìwé tí Jean Buridan kọ ní Paris ní nǹkan bí 700 ọdún sẹ́yìn, kò sí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ náà níbẹ̀. Àwọn ẹlòmíràn ló so ó mọ́ ọn lọ́rùn.)

Leibniz, ọmọ Jámánì, gba ọ̀nà mìíràn. Nínú lẹ́tà tí òun àti Samuel Clarke, àlùfáà ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, kọ síra wọn ní ọdún 1715 àti 1716, ó dúró lórí pé kò sí ohun tí ń ṣẹlẹ̀ láìní ìdí tó tó. Ọlọ́run pàápàá kò ní mú ọ̀kan nínú ohun méjì tí kò yàtọ̀ rárá. Nítorí náà, irú ohun méjì bẹ́ẹ̀ kò sí láyé. Ó fi ìtàn kan gbè é lẹ́sẹ̀. Nínú ọgbà Herrenhausen, níwájú Sophie, ìyá ẹni tó wá di ọba George Kìíní ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọkùnrin kan fọ́nnu pé òun lè rí ewé méjì tó bára mu pátápátá. Sophie ní kó lọ wá a wá. Ọkùnrin náà rìn ká gbogbo ọgbà, ó wá a tì.

Ẹni tó bá gbé ọ̀rọ̀ Leibniz dé ibi tí wọ́n to tírélà sí yóò rí i pé ó bá ibẹ̀ mu lóòótọ́. Bí áàsì ọ̀kan bá fi díẹ̀ sún mọ́ ẹ̀yìn ju ti èkejì lọ, ìrìn wọn kò lè jọra, pàápàá nígbà tí ẹrù bá kún gáréèjì. Ẹrù tó pọ̀ lẹ́yìn máa ń gbé imú tírélà sókè, imú tó bá sì ti fúyẹ́ jù a máa jẹ́ kí ìdí rẹ̀ máa jù sọ́tùn-ún sósì lójú ọ̀nà. Òṣùwọ̀n tí wọ́n máa ń lò fún tírélà tí wọ́n so mọ́ ìdí ọkọ̀ ni pé kí imú rẹ̀ gbé ìdá 10 sí 15 nínú 100 ìwọ̀n gbogbo rẹ̀. Ìwọ̀n ẹrù tó lè gbé tún wà lórí bébà pélébé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀, iye tó wà níbẹ̀ a sì máa yàtọ̀ láàárín tírélà tí orúkọ àti gígùn wọn jọra. Lítà omi kan wọn kílò kan. Táńkì 380 lítà tó kún ti gba 380 kílò nínú àyè yẹn kí alùpùpù kankan tó wọlé. Lọ́pọ̀ ìgbà, àwọn tó ń sọ pé méjèèjì jẹ́ ọ̀kan náà kò tíì ka bébà pélébé yìí.

Síbẹ̀, Leibniz kò yanjú ohun gbogbo. Ìyàtọ̀ tó ṣe pàtàkì jù ni èyí tí ojú kò lè rí lọ́jọ́ tí wọ́n ń sanwó: ìsopọ̀ páìpù tí ẹni tó ṣe é kánjú lé lórí, tàbí àtè orí òrùlé tí kò dé igun kan. Omi ni ọ̀tá tó burú jù fún irú tírélà yìí, nítorí pátákó àti gílúù ló pọ̀ nínú ògiri àti ilẹ̀ rẹ̀. Bí òjò bá rí ojú ihò kékeré, ògiri lè jẹrà láti inú kí ẹnikẹ́ni tó fura.

Nínú ìrònú Yorùbá, ọ̀rọ̀ ohun tó jọra lójú tó sì yàtọ̀ nínú ni wọ́n gbé karí yíyàn tó tóbi jù lọ. Ẹsẹ Ifá kan, tí Wándé Abímbọ́lá wà lára àwọn tó kọ ọ́ sílẹ̀, sọ nípa Orísẹ̀ẹ́kú ọmọ Ògún, Orílẹ́ẹ̀mẹ́rẹ̀ ọmọ Ìja àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà, tí wọ́n fẹ́ lọ yan orí nílé Àjàlá, amọ̀kòkò tó ń fi amọ̀ mọ orí, kí wọ́n tó wá sáyé. Àwọn méjì àkọ́kọ́ kò bá Àjàlá nílé. Wọ́n wo orí tó wà nílẹ̀, wọ́n mú èyí tó tóbi tó sì dára lójú, wọ́n gbé e wọ̀. Òjò pa wọ́n lójú ọ̀nà, orí tí iná kò jẹ dáadáa bẹ̀rẹ̀ sí í re dànù. Afùwàpẹ́ ní tirẹ̀ ti kọ́kọ́ lọ rí bàbá rẹ̀, ó dífá, ó rú ẹbọ, ó sì mú iyọ̀ àti owó dání. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Àjàlá, ó rí i pé gbèsè ni ọkùnrin náà ń sá fún, tó fi gun àjà. Ó san gbèsè náà. Àjàlá sọ̀ kalẹ̀, ó mú ọ̀pá irin, ó fi ń lu orí kan tẹ̀ lé òmíràn títí wọ́n fi rí èyí tó dún gbọnmọ-gbọnmọ tí kò fọ́.

Ojú Afùwàpẹ́ kò mú ju ti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ. Ohun tó ní tí wọn kò ní ni ẹni tó mọ orí náà, tó dúró tì í, àti ìdánwò tó ṣáájú òjò. Orí kò ní wọ́ráńtì; ẹni tó bá ti kọjá bodè kò lè dá a padà, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ láyé ni yóò sì máa fi tún un ṣe. Níbi tí kò ti sí ìlérí, àyẹ̀wò nìkan ló kù. Ẹni tó sanwó fún aláyẹ̀wò tí kì í ṣe ti dílà, tó ní kí wọ́n fa omi gba gbogbo páìpù, kí wọ́n sì gun òrùlé kó tó fọwọ́ sí ìwé, ọ̀pá irin Àjàlá ló ń lò.

Ibi tí ọ̀pá irin kò dé ni wọ́ráńtì ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ní ọdún 1970, George Akerlof kọ̀wé lórí ọjà níbi tí olùtajà ti mọ àléébù tí oníbàárà kò mọ̀, ó fi mọ́tò àlòkù ṣe àpẹẹrẹ, ó sì ka wọ́ráńtì mọ́ ohun tí ń gbé ewu kúrò lọ́rùn oníbàárà padà sọ́rùn olùtajà. Ní ọdún 2001, ó wà lára àwọn mẹ́ta tó gba ẹ̀bùn Nobel lórí ìmọ̀ ètò ọrọ̀ ajé. Láti ibẹ̀ ni àwọn ènìyàn ti ń rò ó pé wọ́ráńtì gígùn jẹ́ ẹ̀rí ọjà gidi, nítorí ẹni tó ń ṣe ọjà gbáàtúù kò ní fẹ́ máa tún un ṣe fún ọdún méjì. Èrò náà dára, àmọ́ ó ní ihò nínú: ó gbà pé ẹni tó ṣèlérí yóò mú un ṣẹ. David Hume, ọmọ Scotland, ti sọ nínú iṣẹ́ rẹ̀ tó jáde ní ọdún 1740 pé ènìyàn ló dá ìlérí sílẹ̀, kí àwọn tí kò sí ìfẹ́ láàárín wọn lè bára wọn ṣòwò. Ohun tó ń so ẹni tó ṣèlérí mọ́lẹ̀ ni pé bó bá dà á, ẹnikẹ́ni kò ní gbà á gbọ́ mọ́. Bí bẹ́ẹ̀ bá ni, ìwọ̀n ìlérí kò sí nínú iye ọdún. Ara ẹni tó ṣe é ló wà.

Níbí ni àwọn ìwé wọ́ráńtì méjèèjì ti máa ń fi ara wọn hàn. Fíríìjì, amúlétutù àti táyà sábà máa ń ní wọ́ráńtì tiwọn láti ọwọ́ àwọn tó ṣe wọ́n, tó fi jẹ́ pé ọdún méjì tí iléeṣẹ́ tírélà kọ lè má kan ohun tó tètè ń bàjẹ́ jù. Gbígbé tírélà lọ sí ibi àtúnṣe sábà máa ń wà lọ́rùn ẹni tó ni ín, ẹni tó bá sì fi ṣe ilé tó ń gbé lójoojúmọ́ lè rí i pé ìlérí náà ti já. Wọ́ráńtì ọdún kan láti ọwọ́ iléeṣẹ́ tí ibi àtúnṣe rẹ̀ wà nítòsí, tí kì í sì í jẹ́ kí tírélà jókòó sí àgbàlá fún oṣù mẹ́ta nítorí ilẹ̀kùn kan, wúwo ju ọdún méjì tí kò ní ẹni tí yóò dáhùn.

Àdéhùn àtúnṣe tí dílà ń tà lọ́tọ̀ tún jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Iléeṣẹ́ kẹta tí kò ṣe tírélà, tí kò sì tà á, ló sábà máa ń wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí iléeṣẹ́ náà bá wọlẹ̀, ìlérí lè bá a lọ. Owó tó ń gbà gbọ́dọ̀ ju owó tó ń san jáde lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kò lè pẹ́ lórí ìjókòó. Èyí já sí pé bí a bá kó gbogbo àwọn tó rà á pọ̀, èrè kò sí fún wọn. Ìfọ̀kànbalẹ̀ ni wọ́n rà, ó sì lè tọ́ sí ẹni tí àtúnṣe ńlá kan ṣoṣo lè kó sí gbèsè. Àwọn onímọ̀ ṣàríà tún wo ibòmíràn. Ẹ̀tọ́ láti dá ọjà tó ní àléébù padà ti wà nínú òfin ìṣòwò Ìsìláàmù láti ìbẹ̀rẹ̀, olùtajà sì gbọ́dọ̀ sọ àléébù tó mọ̀. Wọ́ráńtì tó wà nínú owó ọjà kò jìnnà sí èyí. Àmọ́ kí ènìyàn sanwó lọ́tọ̀ nítorí ohun tó lè ṣẹlẹ̀ tó sì lè má ṣẹlẹ̀ sún mọ́ gharar, ìyẹn òwò tí òkùnkùn bo ìparí rẹ̀. Ní ọdún 1985, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ òfin Ìsìláàmù àgbáyé tó wà ní Jeddah fi ìdí èyí kọ adójútòfò ti àwọn oníṣòwò, wọ́n sì tọ́ka sí èyí tí àwọn ènìyàn fi ń ran ara wọn lọ́wọ́.

Ìwé wọ́ráńtì fúnra rẹ̀ ní ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn tirẹ̀, bí ẹni tó kọ ọ́ kò tilẹ̀ mọ̀. Ó pín ibi sọ́nà mẹ́ta. Àṣìṣe ẹni tó ṣe ọjà wà nínú ìlérí. Àìbìkítà ẹni tó rà á kò sí níbẹ̀. Ìjì, mànàmáná àti àkúnya omi náà kò sí níbẹ̀, àwọn sì ni òfin Gẹ̀ẹ́sì ti ń pè ní iṣẹ́ ọwọ́ Ọlọ́run láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹnubodè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ìjà ti ń ṣẹlẹ̀. Bí òrùlé bá jò ní oṣù kẹwàá, ṣé àtè tí wọn kò lẹ̀ dáadáa ló fà á, àbí ẹni tó ni ín kò yẹ̀ ẹ́ wò bí ìwé ṣe ní kó ṣe, àbí ìjì ló ya á? Iléeṣẹ́ tó ṣèlérí ló sábà máa ń kọ́kọ́ dáhùn, ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn ló sì wá di adájọ́. Nínú ìwé méjì tó jọra, ìlà tó sọ ẹni tó ń dájọ́, ibi tí wọ́n ti ń gbọ́ ẹjọ́ àti ìwé ẹ̀rí tí wọ́n ń béèrè yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ kà, ṣáájú iye ọdún.

Òfin Magnuson-Moss, tó wáyé ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1975, kò fi dandan mú ẹnikẹ́ni láti fúnni ní wọ́ráńtì. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fúnni ní èyí tó wà lákọsílẹ̀ kò lè fi ìwé kan náà pa ìlérí tí òfin kà sí pé ó wà láìkọ run, ìyẹn pé ọjà náà yóò lè ṣe iṣẹ́ tí irú rẹ̀ wà fún. Bí wọ́ráńtì náà bá jẹ́ èyí tó ní ààlà, ó lè dín ọjọ́ ìlérí àìkọ yẹn kù dé iye ọjọ́ tirẹ̀, bí iye náà bá bọ́gbọ́n mu, tó sì wà kedere lójú ìwé. Òfin kan náà kò gbà kí olùtajà tó bá ta àdéhùn àtúnṣe tirẹ̀ fún oníbàárà láàárín 90 ọjọ́ tó ra ọjà pa ìlérí àìkọ yẹn run.