Àìsàn Tí Kì í Pariwo

Ohùn tí aláìsàn nìkan ń gbọ́ ni gbogbo ayé ń bẹ̀rù nínú àìsàn ọpọlọ tí àwọn dókítà ń pè ní schizophrenia. Bí èèyàn bá ti ń dá ẹni tí kò sí níbẹ̀ lóhùn, tó ń lọgun pé wọ́n fẹ́ pa òun, ẹbí á ké gbàjarè, wọ́n á sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ọpọlọ ní Àró. Mi ò fojú kéré ìpayà yẹn. Àmọ́ tí mo bá jókòó ro ọ̀rọ̀ náà síwá sẹ́yìn, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tó máa ń kù lẹ́yìn rẹ̀ ló ń bà mí nínú jẹ́ jù.

Oògùn máa ń pa ohùn náà lẹ́nu mọ́ fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Ohun tí agbára rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ká ni kéèyàn jí, kó má lè dìde lọ wẹ̀. Kí oúnjẹ tutù níwájú rẹ̀. Kí inú rẹ̀ dùn tàbí kó bàjẹ́, kó má hàn lójú. Wọ́n ní kó ra iyọ̀ àti ata wá, ó dé ìsọ̀, ó dúró, kò rántí èwo ni wọ́n rán an. Nǹkan báwọ̀nyí, ju ohùn lọ, ló sábà máa ń gba iṣẹ́ àti ọ̀rẹ́ lọ́wọ́ àgbàlagbà.

Láàárín àwa Yorùbá tí a ń kíra fún gbogbo nǹkan, ọkùnrin tó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí kò dáhùn “ẹ kú ìjókòó” ti ṣẹ̀. Àwọn èèyàn á ní, “Ara ẹ̀ ti yá, ọ̀lẹ ló kù tó ń ṣe.” Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn mí wọra, torí àìsàn náà gan-an ni wọ́n ń bú.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, lọ́dún 1954, dípò kí Dókítà Thomas Adéoyè Lambo ti àwọn aláìsàn mọ́lé ní Àró, ó fi wọ́n wọ̀ sílé àwọn ará abúlé ìtòsí, ìbátan kọ̀ọ̀kan tẹ̀ lé wọn. Wọ́n ń lọ gba ìtọ́jú, wọ́n ń padà sáàárín èèyàn. Kò dúró dìgbà tí ara wọn bá yá tán kí wọ́n tó tún dọmọ ìlú.

Lónìí, ẹ̀gbọ́n tó ń tọ́jú àbúrò rẹ̀ nínú yàrá kan l'Ékòó gbọ́dọ̀ ti jáde kílẹ̀ tó mọ́, torí owó abẹ́rẹ́. Ta ni yóò bá a pe àbúrò yẹn dìde, kó wẹ̀?