Àlejò Ọjọ́ Kan àti Àlejò Ogún Ọdún

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, ọ̀rọ̀ kan wà tí ó yẹ kí á jọ rò pọ̀. Ó kan gbogbo àwọn tí wọ́n fẹ́ràn eré bọ́ọ̀lù débi pé wọ́n ń tẹ̀lé ikọ̀ agbábọ́ọ̀lù wa lọ sí ìlú onílùú. Ìbéèrè náà nìyí: nígbà tí ènìyàn bá wọ ìlú ńlá tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ ọ́n, tí yóò sì kúrò níbẹ̀ ní ọjọ́ kejì, kí ni ó jẹ ìlú náà?

Ọ̀pọ̀ ni yóò dáhùn kíákíá pé kò jẹ ẹ́ ní nǹkankan. Ó ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, ó ti san owó ọkọ̀, ó ti ra oúnjẹ. Bí ó bá fi àwọn onílé ṣe yẹ̀yẹ́, tí ó sì bú wọn, ta ni yóò mọ orúkọ rẹ̀? Ìdáhùn yìí jọ òótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe òótọ́.

Ẹ wo ìdíje ife-ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà tí wọ́n gbà ní Côte d'Ivoire ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024. Àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù kan gba orí ilẹ̀ lọ láti Èkó: Ṣẹ̀mẹ̀, Kútọnu, Lomé, Àkírà, títí dé Abidjan. Ìrìn náà tó nǹkan bí 1,000 kìlómítà, ẹnubodè mẹ́rin ni ènìyàn sì ń là kọjá. Ní ọjọ́ 11 oṣù kejì, Nàìjíríà àti àwọn onílé kojú ara wọn ní ìpele àṣekágbá ní pápá ìṣeré tó wà ní Ebimpé. Troost-Ekong ló kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù wọlé fún wa, Kessié dá a padà, Haller sì gbá ìkejì wọlé fún wọn. Bí a ṣe pàdánù nìyẹn, àmì ayò 2 sí 1. Àwọn olùwòran wa di ẹrù wọn, wọ́n darí bọ̀ wá sílé.

Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa kan wà níbẹ̀ tí wọn kò bá wọn darí bọ̀. Àwọn ará Èjìgbò ni, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, àti àwọn Yorùbá mìíràn tí wọ́n ti ń ṣòwò ní Abidjan láti ìran dé ìran. Ẹni tí ó bá ti dé Èjìgbò mọ ohun tí à ń wí: mọ́tò ń gbéra láti ibẹ̀ tààrà lọ sí Abidjan, èdè Faransé kò sì ṣàjèjì lẹ́nu àwọn ọmọ ìlú náà. Ní Abidjan ni wọ́n ti ń tajà, ibẹ̀ ni wọ́n bí ọmọ sí, ibẹ̀ ni àwọn ọmọ náà ti ń lọ sí ilé-ìwé. Bí olùwòran kan láti Èkó bá bú ìyá olóúnjẹ ní alẹ́ ọjọ́ ìdíje, tí ó sì wọ mọ́tò lọ ní òwúrọ̀, ta ni ìyá náà yóò tún rí ní ọjọ́ Ajé? Aláṣọ tó wà ní ìsọ̀ kejì ni, ẹni tí èdè rẹ̀ jọ ti olùwòran náà. Àwọn àgbà wa ní ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Kókó ọ̀rọ̀ wa nìyí: ojú tí àlejò ọjọ́ kan gbé wọ ìlú kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Ó yá a lọ́wọ́ àlejò ogún ọdún ni. Àmánà ni, a sì gbọ́dọ̀ dá àmánà padà láìlábàwọ́n.

Ẹ má rò pé àsọdùn ni. Ní ìdíje yẹn kan náà, kí Nàìjíríà tó pàdé Gúúsù Áfíríkà ní ọjọ́ 7 oṣù kejì, ilé-iṣẹ́ aṣojú wa ní Pretoria kìlọ̀ fún àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ń gbé níbẹ̀ pé kí wọ́n ṣọ́ ibi tí wọn yóò ti wo eré náà, kí wọ́n má sì yọ ayọ̀ aláriwo bí a bá borí. Ẹ ò rí i? Bouaké ni wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù, ẹni tó wà ní Gúúsù Áfíríkà ni wọ́n ní kó rọra yọ̀.

Èyí tó burú ju ìyẹn lọ ṣẹlẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 1969. El Salvador àti Honduras, orílẹ̀-èdè méjì tí wọ́n pààlà, ń du àyè nínú ìdíje ife-ẹ̀yẹ àgbáyé. Nígbà tí ikọ̀ El Salvador lọ sí Tegucigalpa, àwọn onílé pariwo mọ́jú lẹ́bàá ilé ìtura wọn kí wọn má baà rí oorun sùn. Nígbà tí Honduras náà lọ sí San Salvador ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, wọ́n gbẹ̀san, wọ́n sì lu àwọn olùwòran tó bá ikọ̀ náà wá. Lórí ta ni gbogbo rẹ̀ wá já sí? Lórí àwọn ará El Salvador tó ń gbé ní Honduras ni, nǹkan bí 300,000, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ àgbẹ̀. Wọ́n kọlù wọ́n, ọ̀pọ̀ sì fi oko àti ilé sílẹ̀ sá. Ní ọjọ́ 14 oṣù keje, ogun bẹ́. Òótọ́ ni pé bọ́ọ̀lù kọ́ ni orísun ìjà náà, nítorí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ti wà láàrin wọn tipẹ́. Igi gbígbẹ ti wà nílẹ̀; àwọn tó lọ wo bọ́ọ̀lù àti àwọn tó gbà wọ́n lálejò ni wọ́n ṣáná sí i.

Ọ̀dọ́ kan lè dá wa lóhùn pé: "Ìwà ìrẹ́jẹ ni kí a fi ẹ̀ṣẹ̀ ẹnìkan jẹ gbogbo èèyàn rẹ̀ níyà. Èmi kò mọ ará Èjìgbò kankan rí, kí ló dé tí n ó fi máa ru orúkọ rẹ̀ kiri?" Òótọ́ ló sọ, ìrẹ́jẹ ni. Ẹni tó bá na aláṣọ nítorí ohun tí olùwòran ṣe, ẹ̀bi rẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ajá burúkú bá sùn sẹ́bàá ọ̀nà, tí a sì mọ̀ pé ọmọdé ń bọ̀ lẹ́yìn wa, ṣé a ó sọ òkò lu ajá náà kí a tó sá lọ? Lóòótọ́, ajá ló gé ọmọ jẹ. Àwa la sọ òkò. Ẹ̀bi ajá kò pa ẹ̀bi tiwa rẹ́.

Ọ̀rọ̀ náà sì ní apá kejì tí ó kan àwa tí a jókòó sílé. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Ghánà fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti kúrò. Ọ̀pọ̀ Yorùbá ni ọ̀rọ̀ náà bá, tí wọ́n fi ìsọ̀ àti ilé sílẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1983, àwa náà lé àwọn ará Ghánà. Nítorí náà, bí olùwòran kan láti Àkírà tàbí Kútọnu bá wá hùwàkiwà ní Èkó, kí á má gbé e ka orí télọ̀ ará Ghánà tó ń gbé ní àdúgbò wa. Ẹni tí kò fẹ́ kí a fi ẹ̀ṣẹ̀ ẹlòmíràn bi òun, kó má fi bi aládùúgbò rẹ̀.

Ṣé kí olùwòran wá di odi ni? Rárá o. Ayọ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ lulù, ẹ fọn fèrè, ẹ yin ikọ̀ yín. Yíyin tiwa yàtọ̀ sí bíbú tiwọn. Ojú tí a yá yìí lè ṣe rere pẹ̀lú. Ní ọjọ́ 20 oṣù kọkànlá ọdún 2022, nígbà tí Qatar àti Ecuador ṣí ìdíje àgbáyé ní pápá Al Bayt, àwọn olùwòran láti Japan dúró lẹ́yìn eré, wọ́n ń ṣa ìdọ̀tí sínú àpò. Eré náà kì í ṣe tiwọn rárá. Síbẹ̀, orúkọ rere náà dé ọ̀dọ̀ àwọn ará Japan tí kò tíì fẹsẹ̀ tẹ Qatar rí.

Nítorí náà, ẹni tó bá ń lọ, kó mú nǹkan mẹ́rin lọ́wọ́. Èkíní, kó ní ìwé ìrìnnà tó pé. Àdéhùn ECOWAS ti ọdún 1979 fún wa ní 90 ọjọ́ láìgba físà láàrin àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní kí á máa wọ̀lú láìníwèé. Èkejì, kó san gbogbo gbèsè kó tó wọkọ̀. Ẹ̀kẹta, kó kọ́kọ́ kí àwọn èèyàn wa tó ń gbé níbẹ̀, kó sì bi wọ́n ní ohun tí wọn kò fẹ́ kó ṣe. Ẹ̀kẹrin, kó ká ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ kò, nítorí bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a kò sọ fún un, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru.

Bí arìnrìn-àjò bá dé, a máa ń bi í pé: báwo ni o ti bá ibẹ̀? Ó yẹ kí á máa bi í pẹ̀lú pé: báwo ni o ti fi ibẹ̀ sílẹ̀?