Ọmọ Ta Ni À Ń Ràn Lọ́wọ́?

Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò: bí a bá ran ọmọ tí ó wà nínú ìpọ́njú lọ́wọ́, ṣé ọmọ náà ti di tiwa láti ṣe bí ó ti wù wá ni?

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ohun tí ó mú un wá sí mi lọ́kàn. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, àwa obìnrin kan ní Àkúrẹ́ lọ kí ìyá àgbà kan tí ó ń tọ́ ọmọ mẹ́ta tí ìyá wọn kú. A gbé ìrẹsì, òróró àti ọṣẹ lọ. A to àwọn ọmọ náà sí ẹ̀gbẹ́ ẹrù, a ya fọ́tò, a sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó ìkéde ní ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí a padà lọ lẹ́yìn oṣù méjì, ẹ̀gbọ́n wọn, ọmọ ọdún 11, sá wọ yàrá. Ìyá àgbà ní àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é ní "ọmọ ìrẹsì", kò sì fẹ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Ó ní, "Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọmọ mi, Ọlọ́run yóò san án fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ kò bi mí léèrè. Owó ìwé ni wọ́n torí rẹ̀ lé ọmọ yìí kúrò ní ilé ìwé. Oúnjẹ kọ́ ni ìṣòro wa, mo ní oko." N kò lè gbé ojú sókè.

N kò sọ pé kí a jókòó máa béèrè ọ̀rọ̀ nígbà tí ilé bá ń jó. Ní ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì, 5 oṣù Kẹfà, ọdún 2022, nígbà tí àwọn apànìyàn ya wọ ìjọ Kátólíìkì Saint Francis ní Ọ̀wọ̀, ní ìpínlẹ̀ wa yìí, wọ́n pa ènìyàn tí kò dín ní 40, àwọn ọmọdé sì wà nínú wọn. Àwọn ènìyàn sáré lọ sí ilé ìwòsàn láti fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ kì í béèrè ìjọ tí ènìyàn ń lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí ó rí. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó pàdánù òbí ní ọjọ́ kan, aláìlóbìí ni yóò ṣì jẹ́ ní ọdún mẹ́wàá sí i, nígbà tí àwọn oníròyìn ti lọ. Ìgbà náà ni ìbéèrè di dandan.

Ìwé Ẹ́kísódù fi ọ̀nà hàn wá. Ọmọbìnrin Fáráò rí Mósè nínú apẹ̀rẹ̀ ní etí odò, àánú sì ṣe é. Ó ní agbára láti gbé e wọ ààfin lójú ẹsẹ̀. Dípò bẹ́ẹ̀, ó gbà kí ẹ̀gbọ́n ọmọ náà lọ pe alágbàtọ́ wá, ó fi ọmọ lé obìnrin Hébérù náà lọ́wọ́, ó sì ń san owó fún un. Ìyá tí ó bí i gan-an ni. Ìrànlọ́wọ́ ọmọ ọba yìí gba ọwọ́ ìyá kọjá. Kò gba orí ìyá kọjá.

Nítòsí wa náà, a rí irú rẹ̀. Dókítà David Morley, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dé ilé ìwòsàn Wesley Guild, tí ó jẹ́ ilé ìwòsàn Mẹ́tọ́dísì wa nígbà náà ní Iléṣà, ní ọdún 1956. Ní Ìmẹ̀sí-Ilé, níbi tí àìjẹun dáadáa àti ìgbẹ́ gbuuru ń pa àwọn ọmọdé, òun àti àwọn nọ́ọ̀sì dá kíliníìkì sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tí kò tí ì pé ọdún márùn-ún. Wọ́n ń wọn ọmọ, wọ́n sì ń sàmì ìwọ̀n náà sórí káàdì. Ilé ìwòsàn kò kó káàdì náà pamọ́. Ìyá ni ó ń gbé e lọ sílé. Ìyá tí kò kàwé pàápàá lè rí i bóyá ìlà ọmọ òun ń gòkè tàbí ó ti dúró. Irú káàdì bẹ́ẹ̀ ti tàn ká ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Ó ń sọ fún ìyá pé: ọmọ rẹ ni, ìwọ ni olùṣọ́ àkọ́kọ́.

Ẹnìkan lè wí pé alágbàtọ́ mìíràn wà tí yóò fi owó ọmọ aláìlóbìí gbọ́ tara rẹ̀. Òótọ́ ni. Ìdí nìyẹn tí ó fi yẹ kí a máa padà lọ, kí a sì bi ọmọ náà fúnra rẹ̀ léèrè. Ẹni tí ó lọ lẹ́ẹ̀kan kò lè mọ̀; ẹni tí ó ń lọ déédéé ni yóò mọ̀.

Àwọn baba wa ní ẹnìkan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í tọ́ ọ. Ṣùgbọ́n igba ènìyàn kò gbọdọ̀ já ọmọ gbà lọ́wọ́ ẹni kan náà. Nítorí náà, kí ìdàpọ̀ wa tó tún di ẹrù lọ sí ilé ẹnikẹ́ni, ẹ jẹ́ kí ẹni méjì kọ́kọ́ lọ lọ́wọ́ òfo, kí wọ́n jókòó, kí wọ́n béèrè, kí wọ́n sì gbọ́. Ẹ jẹ́ kí fọ́tò dúró sílé.

Ní ti ọmọ yẹn, a yọ fọ́tò náà kúrò lára pátákó, a sì san owó ìwé rẹ̀ láìpariwo. Ó padà sí ilé ìwé ní ọ̀sẹ̀ kejì. Ó gbà tó ọdún kan kí ó tó padà wá sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Kí Olúwa fún wa ní ọwọ́ tí ń fúnni àti etí tí ń gbọ́. Àmín.