Májèlé Kò Mọ Ẹni Tó Pò Ó

Bí Iléyá bá ti ń sún mọ́lé, àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú a bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọ̀nà ilé nítorí ọdún Ojúde Ọba. Ìwọ náà lè wà lára wọn. O dé Ìjẹ̀bú-Òde lálẹ́, o ṣí ilé tí ẹ ti tì pa láti ọdún tó kọjá, o tan iná, lo bá rí lẹ́búlẹ́bú funfun lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó kúnná bí àtíkè. O wo ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ihò wínníwínní ti kún ara rẹ̀. Inú bí ọ. O ní kí ọmọ sáré lọ ra oògùn apakòkòrò wá. O rọ ọ́ sínú ihò, o fọ́n ìyókù káàkiri yàrá, o sì ti fèrèsé kí agbára oògùn má baà jáde. Ọ̀nà ti mú ọ rẹ̀, oorun sì ti ń kùn ọ́.

Dúró ná. Kí o tó dùbúlẹ̀ sínú yàrá yẹn, jẹ́ kí n sọ ìtàn ọkùnrin kan fún ọ.

Harold Maxwell-Lefroy ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, wọ́n bí i ní 1877. Ẹ̀kọ́ nípa kòkòrò ni iṣẹ́ rẹ̀. Ó ṣe iṣẹ́ náà ní Íńdíà fún ọ̀pọ̀ ọdún, lẹ́yìn náà ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Imperial College ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ní Lọ́ńdọ̀nù yìí kan náà, gbọ̀ngàn àtayébáyé kan wà tí wọ́n ń pè ní Westminster Hall. Láyé Ọba Richard Kejì ni wọ́n fi igi óòkù ṣe òrùlé rẹ̀, láti 1393. Ó lé ní 500 ọdún tí àwọn èèyàn fi ń gbójú sókè wo igi náà, tí wọ́n ń yìn ín. Nígbà tó máa fi di 1914, àwọn tó gun òkè lọ yẹ̀ ẹ́ wò ti rí i pé kòkòrò ti sọ inú àwọn ìtì ńlá náà di ihò. Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló ń gbé.

Frank Baines, tó ń bójú tó àtúnṣe òrùlé náà, ní kí Lefroy bá òun wá oògùn sí i. Lefroy kọ́kọ́ dá kòkòrò náà mọ̀, ó mọ ibi tó ń yé ẹyin sí àti bí ìdin rẹ̀ ṣe ń gbé inú igi, kó tó po oògùn. Oògùn náà jẹ́. Àwọn onílé bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́ pé kó ta á fún àwọn. Ní 1925, wọ́n dá iléeṣẹ́ Rentokil sílẹ̀ lórí rẹ̀, iléeṣẹ́ náà sì wà títí di òní.

Ọdún 1925 yẹn náà ni Lefroy kú.

Ó ń dán gáàsì olóró tó lè pa kòkòrò wò nínú yàrá ìwádìí rẹ̀. Gáàsì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mú un lọ nígbà kan rí. Àwọn àgbà ní ẹni tí ejò bá bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, á sá. Lefroy kò sá. Ní ọjọ́ Sátidé, 10 Oṣù Kẹwàá, ó tún wọlé ti gáàsì, òun nìkan. Ro ó wò, ìwọ òǹkàwé mi. Kò sẹ́ni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà láti pe orúkọ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa ṣílẹ̀kùn bó bá pẹ́ jù. Ohun kékeré tó lè gbà á là kò ju ẹnì kejì lọ, kò sì mú ẹnì kejì dání. Ìyàwó rẹ̀ ló bá a nílẹ̀, tí kò mọ ohun tó ń lọ mọ́. Ní 14 Oṣù Kẹwàá, ó jáde láyé. Ẹni ọdún 48 ni.

Kò sí ohun tó ṣàjèjì sí i nínú ọ̀rọ̀ kòkòrò àti májèlé. Bí májèlé bá lè pa irú ẹni bẹ́ẹ̀, kí ni yóò ṣe ìwọ tó o ti fèrèsé pa, tó o fẹ́ sùn tì í? Àjọ NAFDAC kò ṣàdédé fòfin de títà oògùn apakòkòrò dichlorvos inú ìgò kékeré ní 2019.

Padà wá síbi bẹ́ẹ̀dì rẹ. Ihò tó o ń rọ oògùn sí yẹn, ẹnu ọ̀nà tí kòkòrò gbà jáde ni. Ìdin rẹ̀ ti fi oṣù púpọ̀ jẹun nínú igi kó tó dàgbà, tó dá ihò lu, tó fò lọ. Olè ti lọ, o wá ń ti ilẹ̀kùn. Èyí tó kù ṣì wà nínú igi lọ́hùn-ún, oògùn rẹ kò sì lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọ̀fun ìwọ àtàwọn ọmọ rẹ ló máa dé.

Kọ́kọ́ mọ ẹni tó ń bá ọ jà. Bí o bá rí ọ̀nà tí a fi amọ̀ mọ lára ògiri tàbí igi, ikán ni. Bí ihò bá dúdú létí, tí kò sì sí lẹ́búlẹ́bú, kòkòrò inú igi tútù ló ṣe é. Igi ti gbẹ, òun náà ti kú, má náwó sí i. Ṣùgbọ́n bí lẹ́búlẹ́bú bá kúnná bí àtíkè, ajẹgi inú igi gbígbẹ nìyẹn. Apá igi tó funfun, tó sún mọ́ èèpo, ló ń jẹ. Arère àti afárá wà lára igi tó máa ń wọ̀. Kì í jẹ ọkàn ìrókò.

Gbá lẹ́búlẹ́bú náà kúrò, tẹ́ aṣọ dúdú síbẹ̀, má sì gbọn igi náà. Bí òmíràn bá tún ń dà sórí aṣọ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, kòkòrò ṣì wà níbẹ̀. Gbé igi tó ti jẹ kọjá àtúnṣe síta, kí o jó o. Ìyókù, pe ẹni tó mọ iṣẹ́ náà. Bí o bá tún ń ra pákó, yẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wò kó o tó sanwó, ra èyí tó ti gbẹ, tí wọ́n ti fún ní oògùn, kí o sì kùn ún yípo, ìsàlẹ̀ àti ẹ̀yìn pẹ̀lú, kí ajẹgi má baà ríbi yé ẹyin sí.

Ṣùgbọ́n ọ̀la nìyẹn. Lálẹ́ òní, ṣí fèrèsé sílẹ̀, kó àwọn ọmọ jáde, kí ẹ sì lọ sùn sí yàrá mìíràn. Ajẹgi kò lè jẹ bẹ́ẹ̀dì náà tán kí ilẹ̀ tó mọ́. Májèlé kò nílò tó bẹ́ẹ̀.