Ta Ló Ń Jìyà Ẹ̀ṣẹ̀ Ọba?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka 2 Sámúẹ́lì 24:10-17.

Dáfídì ọba ló ní kí wọ́n lọ ka ènìyàn, kì í ṣe ará ìlú. Àmọ́ nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn dé, 70,000 ló kú. Ọba wà láàyè.

Ọ̀rọ̀ àwọn ará Niger, aládùúgbò wa, ló wá sí mi lọ́kàn. Àwọn ológun gbàjọba níbẹ̀ ní July 26, 2023. ECOWAS ní àwọn máa fìyà jẹ wọ́n: wọ́n ti ẹnubodè, wọ́n dá káràkátà dúró, Nàìjíríà tiwa náà sì já iná tí à ń tà fún wọn. Ta ni òkùnkùn bá? Ọ̀gágun ní jẹnẹrétọ̀. Ìyá oníyọ̀ ọjà ò ní. Ọkọ̀ ẹrù tò lọ bẹẹrẹ ní Malanville. Nígbà tí wọ́n gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí ìyà náà ní February 2024, ológun ṣì wà lórí àlééfà, Ààrẹ Bazoum ṣì wà ní àhámọ́.

Mi ò ní kí a máa wo ẹni tó fìbọn gbàjọba níran o. Ṣùgbọ́n Dáfídì bẹ Ọlọ́run pé òun lòun ṣẹ̀, kí ìyà wá sórí òun àti ilé baba òun.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ bá àbúrò yín jà, ẹ wá dá owó iléèwé ọmọ rẹ̀ dúró. Àbúrò ń jẹun. Ọmọ ló jókòó sílé. Ẹ fi owó náà ránṣẹ́ láàárọ̀ yìí.

Àdúrà: Olúwa, má jẹ̀ẹ́ kí ìbínú mi bà lé ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Àmín.