Orúkọ Awo Ló Ń Ṣáájú: Ọ̀rọ̀ Ọmọ Tó Ń Tún Géèmù Ṣe

  

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kò jọ ọ̀rọ̀ Ifá ní ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ géèmù ni. Ẹ ṣe sùúrù fún mi, yóò dé ibi tó ń lọ.

Lọ́sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, ọmọkùnrin kan wá sí ilé mi ní Okokomaiko. Akẹ́kọ̀ọ́ ni, Ìbà ló ń gbé. Inú ń bí i débi pé kò fọwọ́ kan omi tí ìyàwó mi gbé fún un. Ó ní, "Bàbá, wọ́n ti jí iṣẹ́ mi. Mo fẹ́ kí ẹ bá mi ṣe nǹkan sí ẹni náà."

Mo ní, "Iṣẹ́ wo nìyẹn?" Ó yọ fóònù rẹ̀ jáde.

Bọ́ọ̀lù ló wà níbẹ̀, PES tí ilé iṣẹ́ Konami ti Japan ṣe. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbá a lórí fóònù mọ̀ ọ́n: géèmù PSP ni, ẹ̀rọ PPSSPP ló ń jẹ́ kó ṣiṣẹ́ lórí fóònù. Lẹ́yìn ọdún 2014, Konami kò ṣe PES fún PS2 àti PSP mọ́. Ṣùgbọ́n mo rí Victor Osimhen tó ń sáré lórí fóònù ọmọ yìí. Ọdún 2015 ni Osimhen ṣẹ̀ṣẹ̀ bá Nàìjíríà gba ife àgbáyé àwọn tí kò tíì ju ọmọ ọdún 17 lọ, ní Chile. Báwo ló ṣe dé inú géèmù tí wọ́n ti pa tì kó tó di pé ayé mọ orúkọ rẹ̀? Ẹnì kan ló gbé e wọlé. Iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní mod nìyẹn: kí èèyàn ṣí inú géèmù tí ẹlòmíràn ṣe, kó fi ohun tuntun sí i, kó yí èyí tó wà níbẹ̀ padà.

Ohun tí ọmọ yìí fi sí i ni líìgì tiwa. Enyimba, Rangers, Shooting Stars, Remo Stars, gbogbo wọn wà níbẹ̀ pẹ̀lú jẹ́sì wọn. Oṣù mẹ́jọ ló fi yà wọ́n, lóru nígbà tí dátà kò wọ́n, pẹ̀lú iná jẹnẹrétọ̀ tí òun àti ẹni tí wọ́n jọ ń gbé yàrá jọ ń dáwó epo rẹ̀. Ó pín in fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Àfi bó ṣe gbọ́ pé ẹnì kan ti pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ lójú ìwé àkọ́kọ́ géèmù náà, ó kọ tirẹ̀ síbẹ̀, ó sì ń fi í sórí fóònù fún àwọn èèyàn, ó ń gbowó.

Kí n tó sọ ohun tí mo ṣe, ẹ jẹ́ kí n fi ojú ìtàn wo ọ̀rọ̀ yìí, torí ìtàn ni mo kà ní yunifásítì kí n tó gbájú mọ́ ọ̀pẹ̀lẹ̀.

Kì í ṣe òní ni nǹkan yìí bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí id Software gbé géèmù Doom jáde ní 1993, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ya àwọn fáìlì àwòrán àti ilé inú rẹ̀ sọ́tọ̀, kí àwọn tó ń ṣeré náà lè ṣe tiwọn. Valve gbé Half-Life jáde ní 1998. Nígbà tó di 1999, àwọn ọ̀dọ́kùnrin méjì kan, Minh Le àti Jess Cliffe, ti tún un ṣe di Counter-Strike. Dípò kí Valve bá wọn jà, ó ra iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wọn, ó sì gbà wọ́n síṣẹ́.

Nílé wa níbí náà, àwa tí a ń gbá bọ́ọ̀lù PS2 nígbà tí a ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ kò gbàgbé "Man Red". Konami kò ní àṣẹ láti lo orúkọ Manchester United nígbà náà, ó wá sọ wọ́n ní orúkọ àdàpè. Àwọn olólùfẹ́ géèmù ló ń fi ọwọ́ ara wọn dá orúkọ àti jẹ́sì padà sí ipò. Àwo tí àtúnṣe ti wà nínú rẹ̀ la máa ń wá kiri tí a bá wọ Alábà ní Ọ̀jọ́. A ò bi ara wa pé ta ló ṣe àtúnṣe náà. A kàn ń gbá bọ́ọ̀lù wa ni. Kí n má purọ́, púpọ̀ nínú wa ò sì ra géèmù náà lọ́wọ́ ẹni tó ni ín rí.

Ẹ wá rí ìdí tí ọ̀rọ̀ ọmọ yìí fi le. Ó ń sunkún pé wọ́n jí iṣẹ́ òun, bẹ́ẹ̀ orí iṣẹ́ Konami ló kọ́ tirẹ̀ lé. Ta ló ni iṣẹ́ tí ọwọ́ púpọ̀ ṣe?

Mo dá Ifá fún un. Ọ̀ṣẹ́ Òtúrá ló jáde.

Ẹ̀yin ọmọ awo ti mọ ìtàn tó wà níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ ní ṣókí fún àwọn àlejò wa. Nígbà tí àwọn Irúnmọlẹ̀ ń bọ̀ láti òde ọ̀run wá tún ayé ṣe, Ọ̀ṣun nìkan ni obìnrin àárín wọn. Àwọn mẹ́rìndínlógún yòókù ń pàdé, wọ́n ń pète, wọ́n ń pín iṣẹ́. Wọn ò pe Ọ̀ṣun. Gbogbo ohun tí wọ́n dáwọ́ lé bá bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Wọ́n padà lọ bá Olódùmarè, Olódùmarè sì bi wọ́n léèrè ẹni kẹtàdínlógún wọn. Wọ́n ní àwọn ò kà á sí. Ó ní kí wọ́n lọ bẹ̀ ẹ́. Ìgbà tí wọ́n bẹ̀ ẹ́ tán ni iṣẹ́ wọn tó fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má jẹ́ kí n parí ìtàn náà. Ó ní, "Bàbá, ẹ rí i? Èmi ni Ọ̀ṣun yẹn. Èmi ni wọn ò kà sí."

Mo ní, "Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ ni Ifá jáde fún, kì í ṣe ẹni tó jí iṣẹ́ rẹ. Ta ni Ọ̀ṣun nínú iṣẹ́ tìrẹ?"

Kò yé e. Mo ní, "Ojú àwọn agbábọ́ọ̀lù tí mo rí yẹn, tó jọ wọ́n bí ìbejì, ìwọ lo yà á?" Ó ní rárá, ará Indonesia kan ló ṣe é. "Pápá ìṣeré náà ńkọ́?" Ó ní ti ọmọ Brazil kan ni. "O kọ orúkọ wọn síbẹ̀?"

Ó dákẹ́. Ó wá gbé omi ìyàwó mi, ó mu ún.

Ẹ má rò pé mo fẹ́ fi ọmọ ọlọ́mọ ṣẹ̀sín. Ọ̀rọ̀ náà bá èmi gan-an wí, mo sì máa dé orí ìyẹn láìpẹ́.

Àwọn kan yóò sọ pé, "Baba awo, iṣẹ́ gbogbogbòò ni mod, bí ẹsẹ Ifá ṣe jẹ́ ti gbogbogbòò. Kò sí ẹni tó ni ín. Kí ni ti ká máa dárúkọ?" Ọ̀rọ̀ yẹn wọlé, ṣùgbọ́n ẹ wo ẹsẹ Ifá fúnra rẹ̀ dáadáa. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá ṣàlàyé fún wa pé ẹsẹ Ifá lè ní ìpín tó tó mẹ́jọ, àti pé orúkọ awo tó dá Ifá náà ló wà ní ìpín àkọ́kọ́. Orúkọ awo ná, kí a tó dé "a díá fún". Kí a tó mọ oníbèéèrè, kí a tó mọ ìṣòro rẹ̀, kí a tó gbọ́ ẹbọ, a ti gbọ́ ẹni tó ṣe iṣẹ́. Nígbà mìíràn orúkọ náà gùn bí òwe, a ò sì mọ ọjọ́ tí onítọ̀hún kú. A ṣì ń dá a.

Ìyẹn ni pé àwọn baba wa mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni ohun ìní, ọ̀tọ̀ ni orúkọ. Ohun kan lè má ní olówó, síbẹ̀ kó ní ẹni tó ṣe é. Kò sí ẹni tó lè ní kí n má kí ẹsẹ Ifá nítorí pé ti bàbá òun ni. Ṣùgbọ́n bí mo bá kí i láìdárúkọ awo rẹ̀, mo ti jẹ gbèsè. Ohun tí olùkọ́ wa ní yunifásítì ń jà fún náà nìyẹn, pé kí a sọ ibi tí a ti rí ọ̀rọ̀ wa. Ẹsẹ Ifá ti ń ṣe é kí wọ́n tó kọ́ yunifásítì kankan nílẹ̀ yìí.

Ẹlòmíràn yóò ní, "Orúkọ kì í kún ikùn. Owó ni ọmọ yẹn nílò." Òótọ́ ni, ebi kì í ṣe àwàdà, pàápàá fún akẹ́kọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní April 2015. Valve àti Bethesda ní kí àwọn tó ń tún géèmù Skyrim ṣe máa ta mod wọn. Nínú 100 náírà, ká sọ pé náírà ni, 25 ni ti ẹni tó ṣe é. Ariwo sọ. Ọ̀kan nínú àwọn mod àkọ́kọ́ tí wọ́n kó sórí àtẹ, tí wọ́n fi ń pẹja nínú géèmù náà, ni wọ́n ní láti yọ kúrò, nítorí pé iṣẹ́ ẹlòmíràn wà nínú rẹ̀. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n fi pa gbogbo ètò náà rẹ́, wọ́n dá owó padà.

Wàhálà tó bá ìlú ńlá ni mo rò nígbà tí mo ka ìròyìn yẹn. Bí a kò bá mọ iye ọwọ́ tó wà nínú ọbẹ̀, báwo la ṣe fẹ́ pín owó ọbẹ̀? Ìṣirò orúkọ ló ń ṣáájú ìṣirò owó. Ẹni tó bá pa orúkọ rẹ́ kò jí iyì nìkan, ó ti ba ìwé ìṣirò jẹ́ fún gbogbo ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Nítorí náà, èrò mi rèé. Ẹni tó gba iṣẹ́ ẹlòmíràn tó sì fi nǹkan kún un kò tíì di olè lójú mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé iṣẹ́ tó ni géèmù lè ní òun ò fẹ́, òfin sì lè gbè é lẹ́yìn. Ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ pa orúkọ rẹ́ ni mo ń bẹ̀rù. Afikún ń sọ iṣẹ́ di púpọ̀. Píparẹ́ ń sọ òṣìṣẹ́ di ẹni tí kò sí láyé rí.

Ó wá kan èmi. Ní nǹkan bí ọdún kan sẹ́yìn, mo kọ ẹsẹ Òyẹ̀kú Méjì kan síbí. Ọ̀pọ̀ yín fẹ́ràn rẹ̀. Lẹ́nu bàbá àgbà kan tó ti di olóògbé ni mo ti gbọ́ ọ, ọ̀nà Àgbádárìgì ni mo máa ń wọkọ̀ lọ bá a láàárọ̀ Sátidé. Orúkọ àwọn awo tó wà lórí ẹsẹ náà pọ̀, ìlà mẹ́ta gbáko. Mo gé e dànù. Mo ní àwọn ọ̀dọ́ òde òní ò ní fara balẹ̀ kà á. N kò sì dárúkọ bàbá náà. Ìgbà tí ẹlòmíràn wá kó o lọ láìdárúkọ tèmi, inú bí mi fún ọjọ́ mẹ́ta. N kò ronú kàn án rí pé èmi ni mo kọ́kọ́ fi abẹ kan orúkọ, àfi ìgbà tí ọmọ yìí jókòó síwájú mi tó dákẹ́.

N kò bá a ṣe nǹkan kan sí ẹnikẹ́ni. Mo ní kó rú ẹbọ rẹ̀, kó sì lọ kọ orúkọ àwọn méjèèjì síwájú tirẹ̀, kó kọ̀wé sí wọn. Lẹ́yìn náà kó mú ọ̀rẹ́ méjì dání, kó lọ bá ẹni tó ń ta iṣẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní ọ̀sán gangan.

Ó padà wá lọ́jọ́ kejìlá. Ọmọ Brazil náà dáhùn pé kò sí wàhálà, inú òun dùn. Ti Indonesia kò tíì fèsì. Ẹni tó ń ta géèmù ní bí òun ṣe rí i gbà náà lòun ṣe ń tà á, òun ò mọ ẹni tó pa orúkọ rẹ́. Ó gbà láti máa lo èyí tí orúkọ wà lórí rẹ̀. Owó, kò san kọ́bọ̀. Ọmọ náà ṣì ń bínú díẹ̀, n kò sì sọ fún un pé kó má bínú.

Èmi náà ti ṣe tèmi. Ẹ lọ wo ẹsẹ Òyẹ̀kú Méjì yẹn. Ìlà mẹ́ta ìbẹ̀rẹ̀ ti padà sí àyè wọn, orúkọ bàbá tó kọ́ mi sì wà lókè. Ó gùn, mo mọ̀. Ẹ kà á tán.

Ifá á gbè wá o. Àbọrú, àbọyè.