Ẹ̀tọ́ Ojú Ọ̀nà Lásìkò Ọjà Àgbò Iléyá

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ó ṣe Iléyá ní ọdún ayọ̀ fún wa. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábé rẹ̀.

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, mo pàrọwà fún ara mi àti fún yín pé kí á páyà Ọlọ́hun. Iléyá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, àwọn alágbò sì ti ń ri igi mọ́lẹ̀ sí etí títì láti Alagbole wọ Akute. Òwò wọn kì í ṣe èèwọ̀. Láìsí wọn, níbo ni a ó ti rí ẹran láyà rà? Ilẹ̀ tí wọ́n ń so àgbò mọ́ ni ọ̀rọ̀ mi lónìí. Ta ni ó ni ín?

Nígbà tí àwọn sàhábé ń jókòó sí ẹ̀bá ọ̀nà, Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun kìlọ̀ fún wọn. Wọ́n ní àwọn kò ní ibòmíràn tí àwọn lè jókòó sọ̀rọ̀. Ó wá pàṣẹ pé kí wọ́n fún ọ̀nà ní ẹ̀tọ́ rẹ̀, ó sì ka àìni àwọn tí ń kọjá lára mọ́ ọn. Bukhari àti Muslim gbà á wá. Bí ẹni tí ó jókòó lásán bá jẹ ọ̀nà ní gbèsè, mélòómélòó ni ẹni tí ó so ogún àgbò, tí ó da koríko sí ojú àgbàrá?

Al-Mawardi, adájọ́ àgbà tí ó kú sí Baghdad ní 1058, sọ̀rọ̀ nípa àwọn tí ń pàtẹ sí ojú ọ̀nà àti iwájú ilé onílé. Bí ó bá ni onílé lára, a kò ní gbà fún wọn. Ọ̀nà sì jẹ́ ti gbogbo ènìyàn. Ẹni tí ó pàtẹ síbẹ̀ kò sọ ọ́ di tirẹ̀. Ó tún ní aláṣẹ kò gbọdọ̀ gba owó ìjókòó lọ́wọ́ wọn. (N kò fi èyí pe ẹnikẹ́ni níjà lórí tíkẹ́ẹ̀tì ọjà o.) Ní tiwa, ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 fi ìdásílẹ̀ àti àkóso ọjà sí ìkáwọ́ ìjọba ìbílẹ̀, Ìfọ̀ sì ni tiwa. Ibẹ̀ ni kí alágbò kọ́kọ́ lọ kí ó tó ta tapólì. Ẹ̀yin olùrà, ẹ má dá ọkọ̀ dúró sí àárín títì kí ẹ máa ná àgbò. Gbogbo wa la mọ ohun tí ojú ń rí ní Kara lásìkò yìí.

Ìbáwí yìí kan àwa náà. Ní ọdún tí ó kọjá, mọ́sálásí yìí gba owó lọ́wọ́ alágbò mẹ́ta kí wọ́n lè pàtẹ síwájú wa. Mo wà níbẹ̀, n kò sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ kì í ṣe ilẹ̀ mọ́sálásí. Etí títì ni. Ní ọjọ́ kejì Iléyá, òjò rọ̀, koríko àti ìgbẹ́ àgbò dí gọ́tà, omi sì ya wọ ilé aládùúgbò wa. Kì í ṣe Mùsùlùmí. Kò bá wa jà. Ó kàn ń gbọ́n omi síta títí ilẹ̀ fi ṣú.

Mo ti bẹ ìgbìmọ̀, wọ́n sì gbà pé a kò ní gba irú owó bẹ́ẹ̀ mọ́. Alágbò tí ó bá ní ìwé àṣẹ lè lo àyè ẹ̀yìn mọ́sálásí, èyí tí ó jẹ́ tiwa, lọ́fẹ̀ẹ́, títí di ọjọ́ Arafa, kí ó sì palẹ̀ ìdọ̀tí rẹ̀ mọ́. Owó ọdún tí ó kọjá tí ó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ akápò ni a ó fi tún gọ́tà aládùúgbò wa ṣe. Ọ̀la, lẹ́yìn ìrun Súbúhì, ni a ó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá ní ṣọ́bìrì, kí ó mú un dání.

Mo sọ ọ̀rọ̀ mi yìí, mo sì ń tọrọ àforíjìn Ọlọ́hun fún èmi àti ẹ̀yin.